Omi Lórí Ọlọ

Kí iṣẹ́ iyùn Ìlọrin tó kú, òkúta pupa ni àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ lántánà. Bí wọ́n bá ń lọ̀ ọ́ lórí ọlọ kí ó lè dán, omi ni wọ́n ń ta sí i. Ọgbọ́n kékeré, àbí? Mo gbóṣùbà fún wọn. Àìta omi sí òkúta léwu: ní Zamfara, lọ́dún 2010, àwọn awakùsà wúrà ń lọ òkúta ní gbígbẹ nínú agboolé. Òjé inú eruku rẹ̀ pa ọmọdé tó lé ní 400. Ńṣe ni àwọn tó wá tún ibẹ̀ ṣe ha erùpẹ̀ olóró kúrò nílẹ̀, tí wọ́n sin ín sínú kòtò, tí wọ́n sì da tuntun sí i. Ẹ̀yin awakùsà Kwara, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rin òkúta kí ẹ tó lọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbé pàǹtí rẹ̀ jìnnà sílé àti sódò.