Nígbà Tí Asọ̀rọ̀mágbèsì Gba Èsì: Eré Orí Rédíò Níwájú Òǹwòran

Ìfáàrà

Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fún rédíò ní orúkọ ní èdè wa kò ṣi orúkọ sọ. Wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ tirẹ̀ láìdúró gbọ́ ti ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀. Orí orúkọ yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbé ìdáhùn wọn lé bí ìbéèrè nípa eré orí rédíò bá jáde nínú ìdánwò. Wọn a ní eré orí ìtàgé ni èyí tí ó ní òǹwòran, eré orí rédíò sì ni èyí tí kò ní. Wọn a fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀, wọn a sì kọjá sí ìbéèrè mìíràn.

Ìdáhùn yìí dára fún ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó. Ní Ìlú Ọba àti ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ òṣèré ni ó ti gbé eré orí rédíò wọ inú gbọ̀ngàn. Òṣèré a dúró sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ gbohùngbohùn pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ẹni tí ń dá ìró a tẹ́ irin iṣẹ́ rẹ̀ sórí tábìlì, àwọn ènìyàn a sì sanwó wọlé láti wá wò wọ́n. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, èyí tí a gbé ka ìtàn àròsọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni ó le jù, nítorí pé ohun tí ojú kò rí rí ni ó kún inú rẹ̀. Bí òǹwòran bá jókòó síbẹ̀, tí eré náà sì ṣì jẹ́ eré etí, kí ni a ó wá sọ pé ó yà á sọ́tọ̀?

Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé kì í ṣe àìsí òǹwòran ni ó ń sọ eré di eré etí. Ẹni tí a gbé iṣẹ́ yíya àwòrán lé lọ́wọ́ ni kí a wò. Èrò wa kejì ni pé eré etí tí ó ní apàlọ́ nínú ni ó ń rí ẹsẹ̀ dúró níwájú òǹwòran. Èyí tí ó fi ẹ̀yìn ti ẹ̀tàn a máa pàdánù. Eré méjì ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ìgbàgbọ́ àti ìgbà-bẹ́ẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹwàá, ọdún 1938, ẹgbẹ́ òṣèré Orson Welles ṣe The War of the Worlds lórí rédíò CBS ní ìlú New York. Inú ìwé ìtàn tí H. G. Wells, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ̀ jáde ní ọdún 1898 ni wọ́n ti mú un. Howard Koch ni ó sọ ọ́ di eré. Ọgbọ́n tí wọ́n ta ni pé, lẹ́yìn ìfáàrà, wọ́n fi ìtàn náà ṣe ìròyìn. Orin ń lọ lọ́wọ́, oníròyìn a já a gbà, a ní àwọn ẹ̀dá kan láti Mars ti balẹ̀ sí oko kan ní New Jersey. Àwọn kan tí kò gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ eré rò pé òótọ́ ni, ẹ̀rù sì bà wọ́n. Àwọn olùwádìí ti fi hàn lẹ́yìn náà, síbẹ̀, pé àwọn ìwé ìròyìn bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ náà ju bí ó ti rí lọ.

Ibi tí agbára eré yìí pọ̀ sí jù ni ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ̀rọ̀. Oníròyìn ń ròyìn ohun tí ó ń jáde bọ̀ láti inú kòtò. Lójijì ohùn rẹ̀ gé, gbogbo rẹ̀ sì pa lọ́lọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Fún ẹni tí ó jókòó nílé, ikú ni ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ẹ jẹ́ kí a wá gbé e lọ sí gbọ̀ngàn. Òṣèré pa ẹnu dé. A rí i níbẹ̀ láàyè, ó ń ṣí ojú ìwé tí ó kàn. Ojú ti tú àṣírí etí. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni ó ti ṣe eré Koch yìí níwájú òǹwòran láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ìrántí ẹ̀tàn kan tí ó ti kọjá ni wọ́n ń fi han ènìyàn. Ó lè dùn, ṣùgbọ́n dídùn ìtàn ni.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó ṣòfò. Ìtàn sọ pé nígbà tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ àwọn ará Mars fẹ́ ṣí, Ora Nichols, obìnrin tí ó ń bójú tó ìró, ṣe é nípa rírọra yí ìdérí ìgò kan. Bí a bá ṣe èyí níwájú wa, ojú wa a rí ìgò, etí wa a sì gbọ́ ilẹ̀kùn, èkíní kò sì ní lé èkejì jáde. Èé ṣe tí ìgò fi yè nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ kú? Ìdákẹ́jẹ́ náà ń fẹ́ kí a gbàgbọ́; ìgò kò fẹ́ ju kí a gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ti wo ọ̀jẹ̀ apidán rí mọ ìyàtọ̀ yìí. Ó mọ̀ pé ọ̀nì tí ń wọ́ lórí ilẹ̀ kò ti inú odò wá, síbẹ̀ ó ń pàtẹ́wọ́, nítorí pé ọgbọ́n ọwọ́ ni ó wá wò. Ohun tí eré etí lè fi han ojú láìpàdánù ni iṣẹ́ tí ó wà nídìí ìró.

Eré Douglas Adams

Àpẹẹrẹ wa kejì ni The Hitchhiker's Guide to the Galaxy, tí Douglas Adams (1952–2001) kọ fún rédíò BBC. Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kẹta, ọdún 1978 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sáfẹ́fẹ́, apá mẹ́fà sì ni ó ní ní ìbẹ̀rẹ̀. Arthur Dent jí láàárọ̀, ó bá àwọn tí ó fẹ́ wó ilé rẹ̀ kí títì lè gba ibẹ̀ kọjá. Kí ọjọ́ náà tó lọ jìnnà, àwọn ará ayé mìíràn dé, wọ́n sì wó gbogbo ayé kí títì ojú sánmà lè gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Ford Prefect, tí òun pàápàá kì í ṣe ọmọ ayé yìí, ni ó fà á wọ inú ọkọ̀ àwọn awólé náà. Láàárín gbogbo èyí, Ìwé kan ń sọ̀rọ̀. Ìwé atọ́nà ni, fún ẹni tí ń wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ káàkiri sánmà. Peter Jones ni ó fún un ní ohùn, òun ni ó sì ń bá olùgbọ́ sọ̀rọ̀ tààrà.

Ní ìgbà náà, àṣà ni pé kí BBC gba ohùn eré ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀ níwájú òǹwòran kí a lè gbọ́ ẹ̀rín wọn. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún eré yìí. Wọ́n to ohùn, orin àti ìró léra wọn lórí téèpù, iṣẹ́ tí òǹwòran kankan kò lè jókòó dúró dè. Bí ó bá jẹ́ àìsí òǹwòran ni ó ń sọ eré di eré etí, eré yìí ni ọ̀gá wọn.

Ẹ wo ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu ń ṣe nínú rẹ̀. Zaphod Beeblebrox ní orí méjì. Lórí rédíò, gbólóhùn kan ti tó, orí kejì ti hù. Ní ibòmíràn, àdó olóró méjì tí ń lé ọkọ̀ wọn bọ̀ yí padà: ọ̀kan di ìkòkò òdòdó, èkejì di àbùùbùtán, ẹran omi tí ó tóbi púpọ̀. Àbùùbùtán náà ń já bọ̀ láti òkè, ó sì ń bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí òun jẹ́, títí ó fi kanlẹ̀. Ohùn ènìyàn kan àti ìró afẹ́fẹ́ ni gbogbo ìnáwó rẹ̀. Àwa náà mọ ọgbọ́n yìí. Ní ọdún 1938 kan náà tí Welles ṣe eré tirẹ̀ ni ìwé Fágúnwà, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde, inú rẹ̀ sì ni a ti pàdé Agbákò olójú mẹ́rìndínlógún. Kíkà ni a kà á, a sì rí i. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi aṣọ àti igi gbẹ́ ojú mẹ́rìndínlógún náà ni yóò mọ̀ pé iṣẹ́ wà.

Ìgbà mẹ́ta tí ó bọ́ síwájú òǹwòran

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1979, Ken Campbell àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìtàn náà ní eré orí ìtàgé ní ICA, Lọ́ńdọ̀nù. Ọgọ́rin ènìyàn péré ni ó ń wò ó lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n gbé wọn sórí pèpéle kan tí afẹ́fẹ́ gbé sókè díẹ̀ kúrò nílẹ̀, wọ́n sì ń tì wọ́n láti ibi eré kan dé èkejì. Òṣèré méjì wọ inú aṣọ kan láti di Zaphod. Ọ̀rọ̀ Ìwé ni wọ́n pín fún àwọn obìnrin méjì tí wọ́n ṣe bí amọ̀nà òǹwòran. Ẹ ṣàkíyèsí pé Campbell kò lé apàlọ́ jáde. Ó sọ ọ́ di amọ̀nà, ó sì sọ òǹwòran di èrò ọkọ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 1980, wọ́n gbé e lọ sí Rainbow Theatre, gbọ̀ngàn tí ó gba nǹkan bí 3,000 ènìyàn. Iná léésà ń tàn, orin ń dún, eré náà sì ju wákàtí mẹ́ta lọ. Àwọn alárìíwísí bù ú, ó sì kásẹ̀ nílẹ̀ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. A kò lè sọ pé iná nìkan ni ó pa á, nítorí gígùn rẹ̀ náà ń bẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ hàn: ohun tí gbólóhùn kan ti ṣe parí, bí a bá tún fi iná ṣe é, a ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, èkejì a sì máa kéré sí èkíní.

Ìgbà kẹta ni ó kan wa jù. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, Dirk Maggs kó púpọ̀ nínú àwọn òṣèré àkọ́kọ́ jọ, Simon Jones, Geoffrey McGivern, Mark Wing-Davey àti Susan Sheridan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò láti Glasgow. Ìwé wà lọ́wọ́ wọn, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà níwájú wọn, àwọn onílù àti ẹni tí ń dá ìró wà lórí ìtàgé kan náà. Ẹni tí ń ka ọ̀rọ̀ Ìwé ń yí padà láti ìlú dé ìlú. Èyí ni ó sún mọ́ àlọ́ jù. Apàlọ́ lè yí padà, àlọ́ kì í yí. Ẹni tí ń kà á sì lè dúró kí ẹ̀rín rọlẹ̀ kí ó tó tẹ̀ síwájú. Asọ̀rọ̀mágbèsì ti gba èsì, kò sì bàjẹ́.

Ibi tí ó kù sí

Kò yẹ kí a fi ìfẹ́ bo àléébù. Èkíní, púpọ̀ nínú àwọn tí ó wá ní ọdún 2012 ti mọ eré náà dáadáa. A lè bi ara wa bóyá eré ni wọ́n rẹ́rìn-ín sí tàbí ìgbà èwe wọn. Ìrìn-àjò kejì, ní ọdún 2013, kò sì dé òpin tí wọ́n ṣètò fún un. Ìdáhùn wa ni pé àwọn ọmọdé tí ń gbe orin àlọ́ náà ti mọ ibi tí ìjàpá yóò bá a já. Mímọ̀ kì í pa àlọ́. Àìsí èsì ni ó ń pa á.

Èkejì wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Marvin, róbọ́ọ̀tì tí inú rẹ̀ kì í dùn, jáde sórí ìtàgé ní ọ̀nà ọmọláńgidi. Ìbànújẹ́ Marvin wà nínú ohùn rẹ̀. Bí a bá fún un ní ojú tí a lè rí, ojú náà a dín ìbànújẹ́ tí olúkúlùkù ti yà sí ọkàn rẹ̀ kù. Níhìn-ín, eré náà gbàgbé ara rẹ̀.

Ìkádìí

Kí ni èyí jẹ́ sí wa? Nínú ìwé Fágúnwà tí a dárúkọ, Àkàrà-Oògùn jókòó, ó ń sọ ìtàn, òǹkọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀, àwọn èrò sì ń pọ̀ sí i láti ọjọ́ dé ọjọ́. Wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀, ọkàn wọn sì ń rí igbó. Àwọn èrò náà ti jẹ́ òǹwòran eré etí kí rédíò tó di ohun ilé gbogbo láàárín wa.

Olùkọ́ tí kò ní owó aṣọ eré kò gbọ́dọ̀ sọ pé ìtàn ojú sánmà kọjá agbára ilé-ẹ̀kọ́ òun. Tábìlì kan, igbá, abọ́ omi, páànù àti ọmọ kan tí ó lè ka ọ̀rọ̀ apàlọ́ kí ó dún lẹ́nu ti tó. Kí ó sì jẹ́ kí àwọn yòókù rí ọwọ́ tí ń lu páànù náà.

Ní ti ẹni tí ó ń múra ìdánwò sílẹ̀, bí wọ́n bá bi í ní ìyàtọ̀ eré orí rédíò àti eré orí ìtàgé, kí ó má ṣe ka àga inú gbọ̀ngàn. Kí ó wo ìwé eré fúnra rẹ̀, kí ó bèèrè ẹni tí ó gbé iṣẹ́ àwòrán lé lọ́wọ́. Bí ó bá jẹ́ etí, eré etí ni, ìbáà jẹ́ pé 3,000 ènìyàn ló ń wò ó.