Ẹ̀fẹ̀ Lóru, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Lọ́sàn-án

Ní 1862, ogun ìjọba Dàhómì pa ìlú Ìsàgà run. Ní 1886, ó fọ́ ìlú Kétu, ó sì kó èèyàn ibẹ̀ lẹ́rú lọ sí Abomey. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dàhómì, ni àwọn tó ṣẹ́ kù tó padà wálé. Ilé ṣeé tún mọ. Inú èèyàn ńkọ́? Ìdí tí mo fi ń yin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré orin òun ijó tó ń tu inú èèyàn, nìyí, láti Afọ̀n àti Ìmẹ̀kọ títí dé Kétu.

Lóru, Ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá wa, á wá fi orin tú àṣírí olè, ọ̀kánjúwà, àní ìjòyè pàápàá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹni tí orin bá á rẹ́rìn-ín tipátipá. Inú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á rọ̀. Lọ́sàn-án, ọkùnrin á múra bí ìyá, ère igi lórí bíi fìlà, irin lẹ́sẹ̀, ìró rẹ̀ á bá ìlù mu wẹ́kú.

Àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fáyé ní 2001. Ẹ mú ọmọ yín lọ wò ó lójúkojú, kì í ṣe lórí fóònù.