Adágún Tí Wọ́n Fi Erùpẹ̀ Dí

Ìwé kan ni mo fẹ́ bá yín jíròrò lé lórí lọ́tẹ̀ yìí. Kí n tó dé orí ìwé náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ìdí rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, arákùnrin kan tó ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà wá kí àwọn òbí rẹ̀ níbí, ó sì bá wa jọ́sìn. Lẹ́yìn ìsìn, a jókòó sábẹ́ igi nínú ọgbà, a ń mu mínírà. Ẹnì kan bi í pé báwo ni àwọn èèyàn dúdú tí wọ́n bí sí ọ̀hún ṣe ń ṣe sí. Ó ní, "Ẹ fi àwọn akátá yẹn sílẹ̀ jàre. Ọ̀lẹ ni wọ́n. Owó ìjọba ni wọ́n jókòó tì." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi pásítọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó bi ara mi léèrè pé ta ló kọ́ ọmọ wa ní ọ̀rọ̀ yẹn. Orúkọ tó pè wọ́n, ilé ló ti gbé e lọ, a ò lè sẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó kù, tí ọ̀lẹ àti owó ìjọba, ọ̀hún ló ti gbọ́ ọ. Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọmọ ìjọ wa kan tó ń kàwé ní Amẹ́ríkà, òun ló sì fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí mi.

Orúkọ ìwé náà ni The Sum of Us. Heather McGhee ló kọ ọ́, ó sì jáde lọ́dún 2021. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ni, ó kàwé òfin, ó sì ti ṣe olórí iléeṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Demos, tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ ajé àti ti ìlú. Ìbéèrè rẹ̀ kò le: kí ló dé tí orílẹ̀-èdè tó lówó tó Amẹ́ríkà kò fi lè pèsè ohun tí àwọn olówó ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pèsè fún aráàlú, bí ìtọ́jú ìlera fún gbogbo èèyàn àti ilé ìwé gíga tí kò ní sọ ọmọ di onígbèsè? Ó fi ìtàn adágún ìlúwẹ̀ẹ́ dáhùn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú èyí tí ẹ rí ní hòtẹ́ẹ̀lì wò ó. Ṣáájú ọdún 1950, owó aráàlú ni ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà fi gbẹ́ adágún ńláńlá tí tálákà àti ọlọ́rọ̀ jọ ń wọ̀ nígbà ooru. Èyí tó wà ní ọgbà Fairground ní ìlú St. Louis tóbi débi pé wọ́n ní ó gba 10,000 èèyàn. Wọ́n da iyanrìn sí etí rẹ̀ bíi ti etí òkun. Àmọ́ aláwọ̀ funfun nìkan ló lè wọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn aláwọ̀ dúdú náà ń san owó orí.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1949, ìjọba ìlú ní kí àwọn ọmọ dúdú náà máa wọlé. Nǹkan bí 30 nínú wọn ló wọ omi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òyìnbó ti kóra jọ, wọ́n ń lu ẹni dúdú tí wọ́n bá ti rí. Ìlú bá tún ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ó ní nítorí ààbò ni. Ilé ẹjọ́ ló ṣí i padà ní 1950. Ẹ wá gbọ́ o. Lọ́dún tó ṣáájú, ìgbà 313,000 ni wọ́n kà pé èèyàn wọ omi náà. Lọ́dún tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún tọ̀tún-tòsì, 10,000 péré. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, wọ́n tì í pa.

Ti ìlú Montgomery ní Alabama tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlú tí Martin Luther King ti ń ṣe pásítọ̀ nígbà náà ni. Bí àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe gbé ọ̀rọ̀ ọgbà ìgbafẹ́ lọ sílé ẹjọ́, ìjọba ìlú ti gbogbo ọgbà ìgbafẹ́ pa láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1959. Wọ́n fa omi adágún Oak Park gbẹ, wọ́n sì dí i. Wọ́n ta àwọn ẹranko tí àwọn ọmọdé máa ń wá wò. Nígbà tí wọ́n wá ṣí ọgbà náà lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wọn kò gbẹ́ adágún mìíràn síbẹ̀ mọ́. Irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìlú Jackson ní Mississippi dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 1971. Adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní ìlú náà kò jẹ̀bi: bí funfun kò bá rí omi wọ̀, tí dúdú náà kò rí, ṣebí wọ́n dọ́gba nìyẹn.

Àwọn àgbà wa ní kàkà kí eku má jẹ sèsé, á fi ṣe àwàdànù. Eku nìkan ni mo ti rò pé wọ́n ń bá wí látọjọ́ yìí.

McGhee ní ọ̀rọ̀ náà kò mọ sórí omi. Ó mú ìwádìí kan jáde pé ní 1960, nǹkan bí 70 nínú 100 òyìnbó Amẹ́ríkà ló fara mọ́ ọn pé kí ìjọba rí i dájú pé ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ rí i ṣe, kí ìgbé ayé ẹnikẹ́ni má sì rẹlẹ̀ ju ìwọ̀n kan lọ. Ní 1964, ó ti já sí 35. Láàárín ìgbà yẹn, ní oṣù kẹjọ 1963, àwọn aláwọ̀ dúdú ti wọ́ lọ sí Washington láti béèrè iṣẹ́ àti òmìnira. Lójú tirẹ̀, bí àwọn òyìnbó ṣe rí i pé dúdú náà fẹ́ jókòó sídìí àwo ni oúnjẹ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Mo gbà pé òtítọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nǹkan ló ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin yẹn, ẹrù tó sì gbé lé nọ́ńbà méjì yìí ti pọ̀ jù.

Ẹ̀rí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù, inú ìwé mìíràn tó ti pẹ́ ju tirẹ̀ lọ ló wà, Why Americans Hate Welfare, tí Martin Gilens kọ ní 1999. Ọkùnrin yìí fara balẹ̀ ka àwòrán àwọn òtòṣì inú àwọn ìwé ìròyìn ńláńlá ọ̀hún, ọdún lé ọdún. Kó tó di nǹkan bí 1965, òyìnbó ni wọ́n sábà máa ń fi hàn. Lẹ́yìn náà, ojú dúdú gba àwòrán kan, ó ju ìdajì lọ, nígbà tó jẹ́ pé nínú òtòṣì 10, aláwọ̀ dúdú kò ju bí 3 lọ ní ti gidi. Bó bá wá jẹ́ irú òtòṣì tí àánú rẹ̀ máa ń ṣe èèyàn, bí arúgbó, ojú dúdú á tún dín kù. Àwọn tó ń bínú sí owó ìrànwọ́ yìí kan náà kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan owó àgbà tí ìjọba ń san fún wọn, tàbí ilé ìwé ọmọ wọn. Wọn ò kórìíra ìjọba. Ẹni tí wọ́n rò pé ó ń jẹ ńbẹ̀ ni wọn kò fẹ́. Ṣé ẹ ti rí ibi tí arákùnrin wa ti kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀? Inú àwòrán ni.

Ní ti iṣẹ́ ìjọba, ìwé McGhee kò dúró pẹ́ tó bí mo ṣe fẹ́. Mo ní láti lọ wá ìtàn yẹn kún un. Nígbà tí Woodrow Wilson di ààrẹ ní 1913 (ọmọ pásítọ̀ ni o, ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà fún àwọn ọmọ wa), wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya òṣìṣẹ́ dúdú sọ́tọ̀ ní iléeṣẹ́ ìṣúra àti ní pósọ́fíìsì, títí kan ilé ìyàgbẹ́. Láti 1914, ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ fi fọ́tò rẹ̀ mọ́ ìwé ìwáṣẹ́. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí fọ́tò wà fún. Ó di 1940 kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí ilẹ̀kùn wá ṣí, ibẹ̀ ni àwọn aláwọ̀ dúdú gbà di ẹni tó ń kọ́lé, tó ń rán ọmọ níwèé: tíṣà, apínlẹ́tà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ìlú. Títí di ẹnu àìpẹ́ yìí, nǹkan bí 18 nínú 100 òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n jẹ́, nígbà tí wọ́n jẹ́ bí 13 nínú 100 aráàlú. Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí òṣèlú kan ń fi òṣìṣẹ́ ìjọba ṣẹ̀sín pé wọ́n kàn ń jẹ owó ọ̀fẹ́ ni, àwọn kan tó ń gbọ́ ọ ti mọ ojú tó ń yà sí wọn lọ́kàn.

Ẹ wo Memphis ní 1968. Nǹkan bí 1,300 ọkùnrin dúdú ló ń kó pàǹtírí ìlú náà. Owó oṣù wọn kéré débi pé àwọn kan nínú wọn ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba lé e. Ẹ tún un kà: wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìjọba láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n sì ń gba owó òtòṣì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì, méjì nínú wọn sá fún òjò wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ìdọ̀tí, ẹ̀rọ ọkọ̀ náà sì tẹ̀ wọ́n pa. Àwọn yòókù daṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń fẹ́ kí ìjọba ìlú gba ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn, wọ́n gbé páálí kọ́rùn tó sọ pé ọkùnrin ni àwọn. Ìdí iṣẹ́ yẹn ni King bá lọ síbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti yìnbọn pa á ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin. Ọ̀lẹ ha ni?

Ibi tí mo ti yapa sí McGhee gan-an nìyí. Gbogbo ìwé rẹ̀ ń sọ fún òyìnbó pé, "Wò ó, ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ń ná ìwọ náà lówó, bá wa dọ́wọ́ pọ̀, wàá jèrè." Ó mú ọ̀rọ̀ ètò ìlera Medicaid wá. Ìjọba àpapọ̀ gbà láti san 90 nínú 100 náírà, ẹ jẹ́ n pè é bẹ́ẹ̀, kí àwọn ìpínlẹ̀ lè mú kí ètò náà gba èèyàn púpọ̀ sí i. Síbẹ̀ ìpínlẹ̀ 10 ló ṣì kọ̀ ọ́, Texas, Alabama àti Mississippi wà lára wọn, òyìnbó tálákà sì pọ̀ lára àwọn tí kò rí ìtọ́jú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ń ṣe ìṣirò fún ẹni tí kì í ṣe ìṣirò ló sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Òyìnbó Montgomery mọ̀ pé ooru yóò mú ọmọ òun. Ojú rẹ̀ ló ṣe nígbà tí wọ́n ń fa omi náà gbẹ. Ó mọ iye tó máa ná an, ó sì san án tọkàntọkàn. Èmi tó ń wàásù ní ọjọ́ ìsinmi mọ irú ọkàn yẹn, mo ti bá a pàdé nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.

Kí n má sì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ: kì í ṣe gbogbo ẹni tó kọ ìnáwó ìjọba ló kórìíra dúdú. Àwọn kan wà tí gbèsè àti ìjẹkújẹ ń dẹ́rù bà. Àwa tí a ti rí ilé ìwòsàn tí ìjọba kọ́ tí ewúrẹ́ ń sùn nínú rẹ̀, kò yẹ kó yá wa lára láti bú wọn. McGhee kò fún irú wọn láyè tó.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń kọ ìwé náà, Ìṣe Àwọn Àpósítélì orí kẹfà ni màá lọ. Àwọn opó tó ń sọ èdè Gíríìkì ń ráhùn pé wọ́n ń fo àwọn níbi ìpín oúnjẹ ojoojúmọ́. Ìpín oúnjẹ ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀yà sì ló bà á jẹ́. Àwọn Àpósítélì kò tú ètò náà ká. Wọn kò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni pé yóò jèrè. Wọ́n ní kí ìjọ yan èèyàn méje sídìí iṣẹ́ náà, ẹ sì wo orúkọ àwọn méjèèje: ti Gíríìkì ni gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ àwọn tí wọ́n ń fò gan-an ni wọ́n fi àwo lé. Láti ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì ni wọ́n ti fi èyí hàn mí, n kò sì tíì rí ìjọ tó gbójú le e tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì bínú, àwa tí a wà ní Àríwá níbí mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ bá yọ tí wọ́n ní kí ọmọ tí a bí síbí lọ mú ìwé ìlú baba rẹ̀ wá. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé wa ju ẹlòmíràn lọ. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé ẹ̀rín ni a rín lábẹ́ igi?

Mo pe arákùnrin wa lórí WhatsApp lẹ́yìn tí mo parí ìwé náà. Bọ́ọ̀sì ìlú ló ń wà, iṣẹ́ ìjọba ni. Mo sọ fún un pé òfin 1965 tó ṣí ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà fún irú wa, lẹ́yìn tí àwọn tó ń pè ní akátá ti jà tí wọ́n kú ló jáde. Àti pé òfin 1972 ló fi iṣẹ́ ìjọba ìlú àti ìpínlẹ̀ kún ibi tí wọn kò ti gbọ́dọ̀ torí àwọ̀ lé èèyàn sẹ́yìn. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ ò gbé ọ̀hún." Òótọ́ ló sọ, n kò gbé ibẹ̀. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ ní ọ̀nà nígbà tó kọ́kọ́ gba bọ́ọ̀sì. Ó ní bàbá kan ni, akátá ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní òun kò tíì pè é láti ìgbà yẹn.

Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, kò sì le láti kà. Ẹni tó bá fẹ́ yá a, kí ó rí mi lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́rú, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣẹ́ ewé rẹ̀, ẹ sì dá a padà.