Àwo Tí Kò Padà: Àyẹ̀wò Ìwé Pascal lórí Ẹ̀kọ́ Òdì

Ọ̀pọ̀ nínú àwa olùkọ́ni ìjọ ni ó ti gbọ́ pé àdámọ̀ ti wọ inú ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà rí, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó lè sọ irú èyí tí ó jẹ́, ẹni tí ó fi í hàn, àti ohun tí Ìjọ Àgùdà fúnra rẹ̀ ṣe sí i. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ gbé ìwé kan yẹ̀wò, èyí tí ọmọ Ìjọ Àgùdà kọ láti fi bá àwọn olùkọ́ Ìjọ Àgùdà wí: àwọn Lẹ́tà sí Ará Ìgbèríko, ti Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé.

A bí Pascal ní 1623. Ó sì kú ní 1662, kò tí ì pé ẹni ogójì ọdún. Ní oṣù kìn-ín-ní 1656, nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé Sorbonne ní Párísì ń dá Antoine Arnauld ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́bi lórí ẹ̀kọ́ oore-ọ̀fẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ lẹ́tà láìfi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Méjìdínlógún ni lẹ́tà náà nígbà tí ó parí wọn ní 1657. Láti ìkarùn-ún títí dé ìkẹwàá, àwọn olùkọ́ ìwà nínú Ẹgbẹ́ Jésù ni ó dojú kọ.

Báyìí ni ẹ̀kọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1577, Medina, ọmọ ẹgbẹ́ Dominic ní ilẹ̀ Sípéènì, kọ́ni pé nígbà tí ọ̀ràn bá rú ènìyàn lójú, ó lè tẹ̀lé ìmọ̀ràn tí ó ní ìdí rere, bí òmíràn tilẹ̀ ní ìdí tí ó lágbára jù ú lọ. Àánú ẹlẹ́ṣẹ̀ ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó tẹ̀lé e ń fẹ̀ ẹ́ sí i títí ọ̀rọ̀ ọ̀mọ̀wé kan ṣoṣo fi tó láti sọ èèwọ̀ di ohun tí ó tọ́. Ẹlòmíràn tilẹ̀ kọ́ni pé ènìyàn lè búra pé òun kò ṣe ohun tí ó ṣe, bí ó bá ti sọ ọ́ nínú ara rẹ̀ pé òun kò ṣe é kí a tó bí òun.

Ọgbọ́n Pascal ni pé kò kọ́kọ́ bú ẹnikẹ́ni. Ó gbé àlùfáà onínú rere kan kalẹ̀, tí inú rẹ̀ ń dùn láti ṣí ìwé rẹ̀ han àlejò. Àlejò ń bèèrè, àlùfáà ń kàwé jáde, òǹkàwé ni ó sì ń dájọ́. Ẹ̀rín ni a ó kọ́kọ́ rín. Nígbà tí ó bá yá, ẹ̀rù yóò bà wá.

Nínú lẹ́tà kẹfà ni ìtàn tí ó mú wa lọ́kàn jù wà. Bauny, ọmọ Ẹgbẹ́ Jésù, ti kọ̀wé pé ọmọ-ọ̀dọ̀ tí àìní mú gba owó kékeré lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú kún un nínú ohun ìní ọ̀gá rẹ̀, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ níbòmíràn. Ní 1647, Jean d'Alba, ìránṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Ẹgbẹ́ Jésù ní Párísì, kó àwo tánńganran àwọn àlùfáà náà. Wọ́n mú un lọ sí ilé ẹjọ́. Ó sì fi ẹ̀kọ́ tiwọn gan-an dáhùn. Adájọ́ kan ní kí a nà án ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ náà, kí a sì jó ìwé àwọn àlùfáà lórí olè jíjà níbẹ̀. A sún ìdájọ́ síwájú. Ẹlẹ́wọ̀n sì pòórá, àwo kò padà. Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Ta ni ó gba epo yìí, bí kò ṣe olùkọ́ náà?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a purọ́ mọ́ aládùúgbò wa. Róòmù ti ka ìwé Bauny léèwọ̀ kí Pascal tó mú kálàmù. Lóòótọ́, ó ka ìwé Pascal náà léèwọ̀ ní 1657. Ṣùgbọ́n ní 1679 Póòpù Innocent kọkànlá dá ẹ̀kọ́ òdì 65 lẹ́bi, ìbúra ẹ̀tàn àti olè ọmọ-ọ̀dọ̀ sì wà nínú wọn. Ní 1690, Póòpù Alexander kẹjọ dá àwọn tí ó le koko jù lẹ́bi pẹ̀lú, àwọn tí wọ́n ní ènìyàn kò gbọdọ̀ tẹ̀lé ìmọ̀ràn tí ó ní ìdí jùlọ pàápàá.

Nísinsìnyí, àléébù tí a rí nínú ìwé náà. Pascal bèèrè bóyá olè ni Jean d'Alba. Kò bèèrè bóyá owó iṣẹ́ rẹ̀ tó. Àpọ́sítélì Jákọ́bù kì bá tí fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀. Bauny ṣìnà, ṣùgbọ́n ó rí òṣì ìránṣẹ́. Pascal tọ̀nà, kò sì rí i. Ìwé tí ó mú ẹ̀kọ́ òdì ṣùgbọ́n tí kò bojú wo ẹni tí ọ̀ràn náà ń dùn ṣe ìdajì iṣẹ́ ni.

A kò sọ èyí láti gbé ara wa ga. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú kíláàsì ìrìbọmi wa bi wá léèrè rí pé, “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, oṣù mẹ́ta ni ọ̀gá mi kò sanwó fún mi. Bí mo bá mú iye rẹ̀ nínú ọjà, ṣé olè ni?” A dáhùn kíákíá pé olè ni, a sì ka òfin kẹjọ fún un. Ìdáhùn náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n a kò bá a dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, nítorí ọ̀gá náà a máa dáwó gidi fún ìjọ. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi fi kíláàsì sílẹ̀.

Kí olùkọ́ni ìjọ wá ìwé yìí kà, kí ó sì rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ̀rín wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá pa á dé, kí ó dìde lọ bèèrè owó ẹni tí a jẹ ní gbèsè.