Ìkànnì Tuntun Ilé-Iṣẹ́: Ta Ni Wọ́n Ń Tún Un Ṣe Fún?

Láyé òde òní, ó ṣòro láti rí ilé-iṣẹ́ ńlá kan tí kò ní ìkànnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ìkànnì ọ̀hún bá sì ti lo ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọ̀gá á ní ó ti gbó, òun fẹ́ tuntun. Wọn á pe àwọn tó ń ṣe é, wọn á ya fọ́tò àwọn òṣìṣẹ́ nínú aṣọ àǹkárá kan náà, wọn á dá ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀, wọn á gé àkàrà òyìnbó. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí àkàrà òyìnbó. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kejì, nígbà tí oníbàárà tó ń wá nǹkan kan pàtó bá dé ibẹ̀ tí kò rí i mọ́. Èrò mi ni pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń tún ìkànnì wọn ṣe fún ojú ọ̀gá àti ojú àwọn àlejò ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀, wọn kì í ṣe é fún ẹni tó máa lò ó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìṣòro yòókù ti ń wá.

Kí a má rò pé ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tàbí Nàìjíríà nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ará wa tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù mọ Marks & Spencer dáadáa, ilé ìtajà tí ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1884. Fún ọdún mélòó kan, ẹ̀rọ Amazon ni wọ́n ń lò láti fi tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kejì ọdún 2014, wọ́n kó kúrò níbẹ̀, wọ́n sì gbé ìkànnì tiwọn jáde. 150 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ni wọ́n ná sí i. Ó lẹ́wà: fọ́tò ńláńlá, àpilẹ̀kọ nípa aṣọ tó dà bí ti ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà tó ti forúkọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní láti tún forúkọ sílẹ̀ lọ́tun. Láàárín ọ̀sẹ̀ 13 tó parí sí òpin oṣù kẹfà ọdún náà, ọjà tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fi ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù sí ti ọdún tó ṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ọjà Òkìtìpupa. Ìyá kan ti ń ra epo lọ́wọ́ rẹ fún ọdún mẹ́wàá. O kó ṣọ́ọ̀bù lọ sí òdìkejì títì, o kùn ún ní ọ̀dà tuntun, ìyá dé, o sì bi í pé, “Ta ni yín o? Níbo lẹ ti wá?” Bí ìyá náà bá bínú lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, kì í ṣe nítorí pé ọ̀dà náà kò dára.

Ìṣòro kan wà tó jẹ mọ́ ìwúwo, òun ló sì kàn wá jù lọ níhìn-ín. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1999, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ boo.com bẹ̀rẹ̀ sí í ta aṣọ àti bàtà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n fi àwòrán tó ń yí àti oríṣiríṣi àrà kún un. Ṣùgbọ́n wáyà tẹlifóònù lásán ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Kí ojú ìwé kan tó ṣí, suúrù á ti tán. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ náà kógbá sílé, lẹ́yìn tó ti ná nǹkan bí 135 mílíọ̀nù dọ́là. Kì í ṣe ìwúwo nìkan ló pa á, wọ́n ná owó bí ẹlẹ́dàá. Síbẹ̀ ẹni tí kò lè wọ ṣọ́ọ̀bù kò lè rajà níbẹ̀.

Àwa tí a wà ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìlú wa lò láìrí iná ìjọba. Jẹnẹrétọ̀ tàbí sọláà la fi ń gba agbára sí fóònù, dátà tí a fi ọgọ́rùn-ún náírà mélòó kan rà la fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ò rí èyí. Inú ọ́fíìsì tó tutù ni wọ́n ti fi iṣẹ́ hàn án, lórí kọ̀ǹpútà tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, níbi tí nẹ́tíwọọ̀kì ti ń sáré. Fídíò tó ń ṣeré fúnra rẹ̀ ní ojú ìwé àkọ́kọ́ dùn mọ́ ọn. Ẹni tó wà ní Ìgbòtakò tàbí Òde-Ayé, tó kàn fẹ́ mọ iye tí kẹ́ẹ̀gì epo kan jẹ́, dátà rẹ̀ ni fídíò ọ̀hún ń jẹ.

Àdírẹ́sì ńkọ́? Àpẹẹrẹ èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti yunifásítì tó wà ní Òkìtìpupa. Ilé-ẹ̀kọ́ ni, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ oníṣòwò, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2008, lásìkò tí Olusegun Agagu jẹ́ gómìnà, wọ́n sì ń pè é ní OSUSTECH. Agagu, ọmọ Ìjù-Òdò, kú ní 2013. Nígbà tó yá, ìjọba fi orúkọ rẹ̀ pe yunifásítì náà, ó di OAUSTECH, àdírẹ́sì rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà sì yí padà. Ẹ wo ibi tí orúkọ kan máa ń tàn dé: orí lẹ́tà, orí ìwé ẹ̀rí, inú fọ́ọ̀mù tí akẹ́kọ̀ọ́jáde fi ránṣẹ́ sí òkè òkun, inú iṣẹ́ ìwádìí tí olùkọ́ tẹ̀ jáde pẹ̀lú àdírẹ́sì íméèlì rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè lọ pa gbogbo ìyẹn rẹ́. Tim Berners-Lee, ẹni tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀, kọ ọ́ ní 1998 pé àdírẹ́sì tó dára kì í yí padà. Bí yíyí rẹ̀ bá wá di dandan, kí a máa san owó ọdọọdún ti àtijọ́ lọ, kí a sì ṣe é kó máa darí èèyàn sí tuntun fúnra rẹ̀.

Fún oníṣòwò, ewu rẹ̀ tún lé kenkà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àdírẹ́sì .com tàbí .com.ng tí a kò sanwó rẹ̀ mọ́, ẹlòmíràn lè rà á, kí ó sì máa fi orúkọ wa lu oníbàárà wa ní jìbìtì. Owó táṣẹ́rẹ́ tí a ní à ń fi pamọ́ lè kó wa dé ilé ẹjọ́.

Èdè ni mo wá fẹ́ bínú lé lórí díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń ta epo àti púpurú fún ọmọ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló wà lórí ìkànnì rẹ̀. Bí wọ́n bá fi Yorùbá díẹ̀ sí i, wọn ò ní fi àmì sí i. “Ọkọ̀ wa ń gbé epo kiri” á di “Oko wa n gbe epo kiri,” àwa òǹkàwé á sì máa rò ó bóyá oko ló ń rìn ni àbí ọkọ ẹnìkan ló ru kẹ́ẹ̀gì. Ohun tó fà á ni pé ẹni tó ń ṣe ìkànnì ti yan irú lẹ́tà tó wù ú kó tó béèrè èdè tí wọ́n máa fi kọ ọ́. Lẹ́tà bíi “ẹ́” àti “ọ̀”, àmì ohùn rẹ̀ dá dúró nínú kọ̀ǹpútà, a máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn ni. Irú lẹ́tà tí kò gba ìyẹn á sọ àmì náà di àpótí kékeré tàbí kó gbé e sí ibi tí kò yẹ. Kì í ṣe ohun tí kò ṣeé ṣe. Láti oṣù kejì ọdún 2018 ni BBC ti ń gbé ìròyìn jáde ní èdè Yorùbá, a sì ń kà á lórí fóònù lásán.

Ní ti ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà ti bá wa fojú winá rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2013, wọ́n ṣí HealthCare.gov fún ètò adójútòfò ìlera. Èèyàn rọ́ dé, ìkànnì dákú. Àwọn mẹ́fà péré ló rí ìforúkọsílẹ̀ wọn parí ní ọjọ́ náà. Wọ́n ti dá ọjọ́ kí wọ́n tó mọ̀ bóyá iṣẹ́ ti jiná, àyẹ̀wò tó yẹ kó gba oṣù púpọ̀ ni wọ́n fún mọ́ ìparí. Ilé-iṣẹ́ tó ti pe kábíyèsí àti àwọn oníròyìn kò lè sún ọjọ́ síwájú mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kí á kọ́kọ́ ṣí i láìpariwo, kí ogún oníbàárà lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lórí fóònù tiwọn, kí á tó wá pe kábíyèsí.

Àwọn kan á ní kí ni gbogbo wàhálà yìí fún, ṣebí WhatsApp àti Facebook wà. Wọn ò kúkú parọ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọjà wa ti ń yá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2021, méjèèjì kú fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà káàkiri ayé, kò sì sí oníṣòwò kan tó lè ṣe ohunkóhun sí i, nítorí inú ilé onílé ló pàtẹ sí.

Ilé ara ẹni náà sì nílò kọ́kọ́rọ́. Mo mọ ilé-iṣẹ́ kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ọmọkùnrin tó ṣe ìkànnì rẹ̀ bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sí Kánádà. Orúkọ ọmọ náà ni wọ́n fi ra àdírẹ́sì, ọ̀rọ̀ aṣínà wà lórí rẹ̀ nìkan. Nọ́ńbà fóònù ilé-iṣẹ́ yí padà, ti àtijọ́ ṣì wà lórí ìkànnì, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ kàn án. Kí ilé-iṣẹ́ tó san owó ìyókù fún ẹni tó ṣiṣẹ́, ó yẹ kó ti gba gbogbo èyí sọ́wọ́, kí òṣìṣẹ́ kan sì ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé òun lè yí nọ́ńbà kan ṣoṣo padà láìpe ẹnikẹ́ni.