Ẹ́ńjìnì Méjì, Ohùn Kan

Nínú gbogbo mẹkáníìkì tí mo mọ̀ ní Bouaké, ọ̀gá mi nìkan ni mo rí tó máa ń kọ ẹ̀yìn sí ẹ́ńjìnì tó bá ń tún ṣe. Á jókòó sórí táyà ògbólógbòó níwájú ṣọ́ọ̀bù wa ní àdúgbò Dar-es-Salam, á dijú, á ní ká tan ẹ́ńjìnì. Ọmọ Èjìgbò ni, bí ọ̀pọ̀ Yorùbá tó wà nílẹ̀ Ivory Coast. Ayùn ẹlẹ́ńjìnì àwọn agégẹdú àti alùpùpù Mobylette ló fi lórúkọ. Títí ó fi kú, kò fojú kan ọkọ̀ ojú omi kékeré tí wọ́n ń fi rédíò darí. Síbẹ̀, òun ló ń kọ́ mi nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ gbé ọkọ̀ tuntun sómi.

Èyí tí mo ní lọ́kàn báyìí ní ẹ́ńjìnì Zenoah méjì, 25.4 cc ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ àwọn ará Japan ni, àwọn kan náà tó ń ṣe ẹ̀rọ ìgéko. Kabúrétọ̀ Walbro tó wà lára rẹ̀ kò sì yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ayùn. N kò ní fi àkókò ṣòfò lórí bí a ṣe ń po epo mọ́ ọ́ìlì, tàbí bí pọ̀pẹ́là ọ̀tún àti tòsì ṣe gbọ́dọ̀ yí lódìkejì ara wọn. Ẹni tó ra irú ọkọ̀ yìí ti mọ ìyẹn.

Béoumi la máa ń gbé e lọ, níhà ìwọ̀-oòrùn Bouaké, létí adágún Kossou tó ti ara dáàmù odò Bandama jáde, èyí tí wọ́n parí ní 1972. Omi Loka sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n omi mímu ìlú ni. Ẹni tó bá rántí bó ṣe gbẹ ní 2018, tí tọmọdé tàgbà ń gbé kẹ́ẹ̀gì kiri, kò ní gbé ọ́ìlì débẹ̀.

A ó so ìdí ọkọ̀ mọ́ òpó nínú omi, nítorí ẹ́ńjìnì tí kò gbẹ́rù irọ́ ló ń pa. Kò gbọdọ̀ pẹ́ níbẹ̀ o, torí omi tó ń tu ẹ́ńjìnì lára kì í wọlé tó bí ọkọ̀ kò bá rìn. Kí epo kọ́kọ́ pọ̀ díẹ̀. Ẹ́ńjìnì tí epo rẹ̀ kéré máa ń dún dáadáa jù lọ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó gan, bẹ́ẹ̀ inú epo yẹn kan náà ni ọ́ìlì rẹ̀ wà: bí ẹ ṣe ń dín epo lẹ ń dín ọ́ìlì. Èyí tí epo rẹ̀ pọ̀, ohùn rẹ̀ á ki, á máa bú gbọ̀ọ̀-gbọ̀ọ̀, nítorí kì í gbaná ní gbogbo yíyí. Bí pọ̀pẹ́là bá rì wọnú omi, kí ohùn náà mọ́ gaara. Bó bá yọrí, kó tún ki padà. Ibẹ̀ ni kí abẹ́rẹ́ kabúrétọ̀, èyí tó ń wọn epo, dúró sí.

Wàyí o, ẹ tan méjèèjì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà ní ìdajì agbára. Ohùn kẹta á jáde, tí kì í ṣe ti ọ̀tún, tí kì í ṣe ti òsì: wọ̀-ọ̀n, wọ̀-ọ̀n, wọ̀-ọ̀n. Bí obìnrin Baoulé méjì tó ń gún fùtú nínú odó kan náà ni; bí ọwọ́ ọ̀kan bá fi díẹ̀ yá ju ti èkejì, ọmọ odó wọn á pàdé, á yapa, á tún pàdé. Bí ọ̀kan bá ń yí ìgbà 9,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí èkejì ń yí 9,060, wọ̀-ọ̀n kan ni ẹ ó gbọ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí àlàfo náà bá ṣe ń dín kù ni ìró náà á máa falẹ̀.

Ṣùgbọ́n èwo ló ń sáré jù? Ìró náà kì í sọ. Ọgbọ́n ọ̀gá mi wà níbí. Ẹ fi epo kún ti ọ̀tún, bíńtín, débi pé ojú kò ní rí i pé abẹ́rẹ́ yí. Bí wọ̀-ọ̀n náà bá falẹ̀, ọ̀tún ló ń sáré jù. Bó bá yára sí i, ẹ dá a padà, kí ẹ lọ bá òsì. Ẹ kíyè sí i pé kíkún là ń kún un, a kì í dín in. Èyí tó yá là ń fà sẹ́yìn kó dúró de ẹnì kejì. Ẹni tó bá ń lé èyí tó ń falẹ̀ kó lè bá èyí tó yá, pístìn ló fẹ́ jó.

Ìdí ẹ̀rọ ìlọta méjì ní àdúgbò Koko ni ọ̀gá mi ti kọ́ mi bí a ṣe ń fetí mọ ẹ̀rọ. Ó ní kí n kọjú sí ògiri. “Ìwọ ọmọ yìí, èwo ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da àgbàdo sí?” Mo dáhùn, ó ní kí n tún gbọ́. Àwọn ìyá tó wá lọ nǹkan ń fi Jula bú wa pé a dí ọ̀nà. Kò dá wọn lóhùn. Nígbà tí ogun dé ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, tí orílẹ̀-èdè pín sí méjì, kò kúrò. Epo inú ìgò létí títì là ń rà nígbà yẹn, á bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á gbóòórùn rẹ̀, á ní, “Má dà á sí i, ọmọ mi.” Oníbàárà á máa bínú. Ọ̀gá mi á gbé ayùn rẹ̀ fún un láìgba kọ́bọ̀.

Ibo ni mo wà? Abẹ́rẹ́. Òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ ṣe é, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ tútù ki ju ti ọ̀sán lọ. Epo tí ẹ bá wọ̀n lọ́sàn-án kò ní tó ní ìdájí ọjọ́ kejì.

Àwọn ọmọ ìwòyí ń na ẹ̀rọ oníná kan sí ẹ́ńjìnì, wọ́n ń ka iye tó bá yọ. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì kan lẹ́ẹ̀kan ló ń kà, kò sì mọ̀ bóyá ohùn ki tàbí ó mọ́. Èyí tó ń bí mi nínú ni kabúrétọ̀ ayédèrú tó kún ọjà: gbígbọ̀n ẹ́ńjìnì nìkan ti tó láti yí abẹ́rẹ́ rẹ̀ kúrò níbi tí ẹ fi í sí. Ẹ lè ní etí bí ti ọ̀gá mi, ìyẹn ò ní gbà yín.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ iṣẹ́ ní Bouaké, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ ọjà, kí ẹ mú wọn lọ dúró ti ẹ̀rọ ìlọta. Ọ̀fẹ́ ni.