Ọ̀pẹ Ara Ṣílè Fàdákà

Ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n ń rọ fàdákà ní Ọjà'ba n'Íbàdàn da ṣílè méjì sí mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n mú èyí tó wù mí. Ọ̀kan ń dán yanran. Èkejì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Dúdú ni mo mú. Wọ́n wò mí tìyanu-tìyanu.

West African Currency Board, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1912, ló ni owó náà. Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáḿbíà ni wọ́n ṣe é fún, 1913 sì ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti ná an títí kí wọ́n tó ṣí gbọ̀ngàn Mápó ní 1929. Nínú 100, 92.5 rẹ̀ jẹ́ fàdákà. Ojú kan jẹ́ ti George Karùn-ún, iṣẹ́ Bertram Mackennal ará Ọsirélíà. Ojú kejì jẹ́ ti ọ̀pẹ.

Ká sọ tòótọ́, ẹrù pọ̀ lára ọba yẹn: adé, ẹ̀wù oyè, ẹ̀wọ̀n, gbogbo rẹ̀ há mọ́ ojú kékeré. (Irú àwòrán Mackennal bẹ́ẹ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀ lára rúpìí Íńdíà ní 1911: wọ́n ní erin ara ẹ̀wọ̀n ọba jọ ẹlẹ́dẹ̀.) Ọ̀pẹ ní tirẹ̀ dá dúró, imọ̀ rẹ̀ rọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Tọ́rọ́ àti sísì kò rí irú rẹ̀ gbà. Ewé tí wọ́n fi yí iye owó ká ni tiwọn.

Ṣùgbọ́n ọba àti ọ̀pẹ jọ ń pín fàdákà kan ṣoṣo ni. Àárín irin òǹtẹ̀ méjì ni pẹlẹbẹ fàdákà máa ń wà nígbà tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ ẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ wọ kòtò òkè àti ti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí agbára ẹ̀rọ bá dín, ibi tó jìn jù ni kò ní kún. Ohun tó ṣe ṣílè dúdú ọwọ́ mi nìyẹn. Ti 1918 ni, ó ní lẹ́tà H kékeré tó jẹ́ àmì ilé ìtẹ̀wó Heaton ní Birmingham. Àárín imọ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ̀gbọ́n ní ọwọ́ ló ti jẹ ẹ́. Mo ní, "Ẹ gbé e síbi oòrùn, ẹ yí i díẹ̀díẹ̀." Ibi tí ọwọ́ bá jẹ máa ń yọ̀ bọ̀rọ́, ibi tí òǹtẹ̀ kò kún, ìmọ́lẹ̀ a ṣì máa sáré kọjá lábẹ́ dúdú náà bó ṣe ń sáré lára ìyókù.

Ti 1913 tó ń dán yẹn ló kún jù: èèyàn lè ka imọ̀ rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ẹnìkan ti fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó o, ìlà tín-tìn-tín bí irun orí kún ojú ọba. Òṣùwọ̀n 1 dé 70 tí William Sheldon gbé kalẹ̀ ní 1949 fún owó bàbà Amẹ́ríkà, tí àwọn tí ń kó owó àtijọ́ jọ ń lò káàkiri báyìí, fi 60 sókè sílẹ̀ fún owó tí kò tíì wọ ọjà. Owó tí òǹtẹ̀ rẹ̀ kò kún lè wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n bó kò lè débẹ̀, bó ti wù kó kún tó. Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo kò lè sọ fún ẹni tí kò rí owó náà pé ọ̀pẹ rẹ̀ kò lórí.

Ẹ̀gbọ́n kò bá mi jiyàn. Ìwọ̀n ni tiwọn. Ọ̀pọ̀ irú ṣílè yìí ló ti di ẹ̀gbà ọwọ́. Ní 1920, fàdákà wọ́n débi tí ìjọba fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ tẹ owó. Owó ọwọ́ mi kò ká méjèèjì. Wọ́n ju ti 1913 sínú ìkòkò iná. Mo fi dúdú wé bébà, mo gba Bẹyẹrúnkà lọ.